Lẹ́yìn Aago Méjì

Nọ́ọ̀sì ti na okùn dí ẹnu géètì kó tó gbúròó ṣéènì kẹ̀kẹ́ nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kò tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wo ẹni tó ń bọ̀. Bàbá rẹ̀ nìkan ló máa ń húkọ́ báyìí tó bá ń fi kẹ̀kẹ́ gun òkè, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò sì retí pé wọ́n á ṣí i. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago méjì ti lù tán.

Òfin eré ìje náà kò lọ́jú pọ̀. Láàárọ̀ kùtù ni gbogbo wọn máa ń gbéra nísàlẹ̀ òkè, wọn á la inú igbó, wọn á gba orí àpáta, wọn á gbé kẹ̀kẹ́ léjìká la odò kọjá, kí wọ́n tó dé ibi géètì irin tí àwọn olùṣọ́ igbó fi ń dá ọkọ̀ dúró. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ kí aago méjì ọ̀sán tó lù lè máa bá eré rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá pẹ́, tirẹ̀ ti parí nìyẹn. Wọn á gba nọ́ńbà iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ á sì wá gbé e sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn géètì, kò sí ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ lè tọ̀ mọ́. Ọkùnrin kan ti ṣubú níbẹ̀ rí nírọ̀lẹ́, itan rẹ̀ ṣẹ́, inú òjò ló sùn mọ́jú kí wọ́n tó rí i. Bàbá Nọ́ọ̀sì wà lára àwọn tó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ ṣèpàdé, òun gan-an ló dìde, tó ní kí wọ́n fi aago dí ọ̀nà náà.

Jórinjórin ni wọ́n ń pè é, nítorí irin tó fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ jó mọ́ra. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ bí igi ìdáná, ṣùgbọ́n ẹ gbé e sórí kẹ̀kẹ́, ẹ ó rí i. Òun ló kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin yìí ní kẹ̀kẹ́ gígùn, òun ló sì mú un wọ ẹgbẹ́. Ẹnu géètì ni wọ́n fi Nọ́ọ̀sì sí lọ́dún yìí nítorí pé ó mọ ọgbẹ́ í dì.

Bàbá rẹ̀ yọ lórí òkè. Tíṣà tẹ̀lé e lẹ́yìn, obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, tí kò sì tíì pẹ́ nínú ẹgbẹ́.

"Àkọ́bí," ni Jórinjórin wí, ó ń mí gúlegúle. "A ti pẹ́, àbí?"

"Ẹ ti pẹ́, Bàbá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin."

Tíṣà fi ẹsẹ̀ kan tilẹ̀. "Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n pẹ́. Ṣéènì mi já létí odò. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń kọjá ni wọ́n ń ṣe 'pẹ̀lẹ́ o, pẹ̀lẹ́ o,' bí ẹni tó ń kí ọlọ́fọ̀. Bàbá nìkan ló sọ̀ kalẹ̀ bá mi tún un ṣe. Ṣé ìyà oore ni wọ́n wá fẹ́ jẹ báyìí?"

Nọ́ọ̀sì mọ òfin tí ó ń sọ. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí, àmọ́ gbogbo ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè ló mọ̀ ọ́n: tí o bá bá ẹnìkan tó dúró lọ́nà, wàá bi í pé ṣé kò sí nǹkan. Tí nǹkan bá wà, wàá sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í bèèrè mọ́. Bàbá rẹ̀ ṣì ń bèèrè.

"Tíṣà, fi ọmọ sílẹ̀," ni Jórinjórin wí. "Aago kò mọ ẹni tó ṣoore. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣòfin yìí. Ṣé èmi náà ni kí n wá kọ́kọ́ fò ó?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú nọ́ńbà iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀rín kékeré kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Òun àti Tíṣà lọ jókòó sórí koríko, wọ́n ń dúró de ọkọ̀.

Wọn kò tíì tú bàtà ẹsẹ̀ wọn tán tí fóònù Nọ́ọ̀sì fi dún. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé Dókítà ti kọjá lọ́dọ̀ rẹ?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Mo sì ti dí ọ̀nà."

"Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn níbẹ̀. Tí wọ́n bá dé, jẹ́ kí wọ́n kọjá."

Nọ́ọ̀sì kẹ̀yìn sí orí koríko, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Aago méjì ti lù, ẹ̀gbọ́n."

"Èmi náà ní aago. Ta ló ra omi tí gbogbo yín ń mu láti àárọ̀? Ta ló ra mẹ́dàlì? Tí a bá dójú tì wọ́n lónìí, ọ̀dọ̀ ta ni a ó gbà lọ́dún tó ń bọ̀? Àti pé, ìwọ lo mọ ẹni tí o máa lọ bá níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Èmi kọ́."

Ó pa fóònù.

Dókítà eléyín ni Dókítà. Òun ló ni ilé ìwòsàn tí Nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́, kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun ló fi eyín tuntun sẹ́nu ìyá Nọ́ọ̀sì nígbà tí ti àtijọ́ ká tán, tí kò gba ohunkóhun. Àmọ́ láti ìgbà tó ti ra kẹ̀kẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ẹsẹ̀ ló fi gun òkè náà dé, ó ń ti kẹ̀kẹ́ olówó ńlá náà bí ẹni tó ń ti ọkọ̀ tó kú. Aṣọ rẹ̀ mọ́, àfi ẹ̀yìn nìkan. Ó hàn pé ó ti jókòó síbì kan.

"Nọ́ọ̀sì mi," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó kù púpọ̀?"

"Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló kù, Dókítà."

Kò bèèrè aago. Ó kàn dúró síwájú okùn náà, bí ẹni tó dúró síwájú ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ tó mọ̀ pé ẹnìkan wà nínú ilé. Nọ́ọ̀sì kò lè sọ lẹ́yìn náà pé òun kò mọ ohun tí òun ń ṣe. Ó mọ̀ ọ́n. Ó tú okùn, ó sọ ọ́ sílẹ̀, Dókítà sì ti kẹ̀kẹ́ kọjá lórí rẹ̀.

"Ẹ kú ìsinmi o," ni Dókítà kí àwọn tó wà lórí koríko.

"Ẹ máa rọra sọ̀ o," ni Jórinjórin dá a lóhùn. "Àpáta kan wà níbi ìyànà àkọ́kọ́ yẹn. Ó máa ń yọ̀."

Dókítà gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

"Ó jọ pé aago tiwọn yàtọ̀," ni Tíṣà wí.

Nọ́ọ̀sì tún okùn náà so, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kù lẹ́yìn mọ́. Ó so ó pẹ́.

Nígbà tí wọ́n pín mẹ́dàlì nísàlẹ̀, wọ́n pe àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Àwọn méjì péré ló ti parí eré kí Dókítà tó dé, ni wọ́n bá fi í ṣe ẹnìkẹta. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Jórinjórin dìde láàárín èrò, ó rìn lọ síwájú, ó bọ Dókítà lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ kú oríire." Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ẹni tí kò gbà kì í fajú ro sí ẹni tó gbà. Tíṣà ká ọwọ́ sábẹ́ apá, kò pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì délé, ìyá rẹ̀ ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Kí lo fi ṣe bàbá rẹ?"

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan, ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn. Ẹni tó jẹ́ pé tó bá ti òkè dé, gbogbo òkúta tó bá lọ́nà ló máa ń ròyìn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Lónìí, wọ́n ní kú ilé, wọ́n wẹ̀, wọ́n jẹun, ó tán."

Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ fún un, kò fi ibì kan pamọ́. Ìyá rẹ̀ fi ahọ́n tọ́ eyín iwájú rẹ̀ wò láti inú.

"Ìyẹn ni pé ẹnu èmi náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí," ó sọ nígbẹ̀yìn. "Lọ bá wọn. Wọ́n wà lẹ́yìnkùlé."

Jórinjórin ti dojú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ délẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì yọ ẹrẹ̀ lára ṣéènì.

"Ẹ má bínú sí mi, Bàbá."

"Nọ́ọ̀sì, mi ò bínú."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ará ìta ló ń pè é ní Nọ́ọ̀sì.

"Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé ló pè mí, wọ́n ní..."

"Mo gbọ́. O kẹ̀yìn sí wa ni, etí wa ò di." Ó yí pẹ́dàlì, ó ń wo bí ṣéènì ṣe ń lọ. "Nígbà tí o dá mi dúró, ṣé o mọ bí inú mi ṣe dùn tó? Mo ń sọ fún Tíṣà pé, 'O rí ọmọ yẹn? Kò lè torí bàbá rẹ̀ yí òfin. Èmi ni mo bí i.' Ọ̀rọ̀ náà ò tíì kúrò lẹ́nu mi tí o fi tú okùn."

Nọ́ọ̀sì ò lè gbé ojú sókè.

"Tó bá jẹ́ ti mẹ́dàlì ni, irin tó wà nílé mi pọ̀ ju ìyẹn lọ. Ohun tó dùn mí ni pé irú èmi nìkan wá di ẹni tí wọ́n ń ṣòfin fún." Ó da omi sórí táyà. "Lọ jẹun. Ìyá rẹ ti gbé oúnjẹ kalẹ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, mẹ́dàlì náà ti wà lára ògiri yàrá ìtọ́jú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ẹ̀rí Dókítà. Gbogbo ẹni tó bá wá jókòó sórí àga ló ń gbọ́ ìtàn rẹ̀. Inú Dókítà sì dùn láti máa sọ ọ́, nítorí ẹni tó la ẹnu sílẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ eyín rẹ̀ kò ráyè dá ọ̀rọ̀ mọ́ni lẹ́nu. Ó sọ ti odò, ó sọ ti àpáta tó ń yọ̀. Nọ́ọ̀sì dúró tì í, ó di ọ̀pá tó ń fa itọ́ mú.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìyá arúgbó kan fi omi fọ ẹnu, ó tu ú dànù, ó ní, "Irú ìyẹn á le púpọ̀ o, Dókítà."

"Ẹ bi Nọ́ọ̀sì. Ojú rẹ̀ ló ṣe."

Ìyá náà yíjú sí i. Nọ́ọ̀sì wo ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó le, Mà," ó ní. "Aago méjì ni wọ́n máa ń ti ọ̀nà. Dókítà dé lẹ́yìn aago méjì, mo sì jẹ́ kí wọ́n kọjá. Bàbá mi ti dé ṣáájú wọn. Mo dá bàbá mi dúró."

Ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ nìkan ló ń dún. Ìyá arúgbó náà gbé ojú sí àjà, bí ẹni tó rí nǹkan níbẹ̀.

"Ẹ tún ẹnu là, Mà," ni Dókítà wí.

Ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò yára, kò sì fọwọ́ líle mú un. Ìgbà tí ìyá náà lọ tán, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ń fọ ọwọ́.

"Ṣé mo bẹ̀ ọ́ pé kí o jẹ́ kí n kọjá ni?"

"Rárá, Dókítà."

"Ó dáa. Jẹ́ kó máa wà lọ́kàn rẹ pé mi ò bẹ̀ ọ́."

Kò lé e kúrò níbi iṣẹ́, kò sì gbé ohùn sókè sí i. Àmọ́ láti ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin tó ń gba àwọn aláìsàn lálejò ló ń dúró ti àga. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ní kí Nọ́ọ̀sì wà, kó máa bọ irinṣẹ́ nínú omi gbígbóná. Mẹ́dàlì náà ṣì wà lára ògiri. Ìyá rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún bàbá rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jẹun. Jórinjórin jẹ òkèlè ẹnu rẹ̀ tán, ó ní òun ti gbọ́.

Nígbà tó di Sátidé, tí ẹgbẹ́ máa ń gun òkè, bàbá rẹ̀ kò kan fèrèsé rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ibi tó dùbúlẹ̀ sí ló ti gbọ́ tí táyà kẹ̀kẹ́ ń gba orí òkúta jáde. Ó wọ ṣòkòtò, ó de àṣíborí, ó gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ó sì tẹ̀lé e.

Nígbà tó máa fi dé ẹsẹ̀ òkè, bàbá rẹ̀ àti Tíṣà ti lọ jìnnà. Ó ń wo aṣọ wọn láàárín igi. Kò pariwo pè wọ́n. Ó gùn ún títí àyà rẹ̀ fi ń jó bí iná, ó yà fún kòtò, ó yà fún gbòǹgbò, nígbà tó sì gbójú sókè, ó rí wọn tí wọ́n dúró lórí òkè pátápátá. Bàbá rẹ̀ ń mu omi. Nínú ẹgbẹ́ wọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òkè gbọ́dọ̀ dúró títí ẹni tó gbẹ̀yìn yóò fi dé. Ìrètí wọ inú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún tẹ pẹ́dàlì mọ́lẹ̀.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, bàbá rẹ̀ dé ìgò omi rẹ̀, ó fi í sí àyè rẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́, ó sì kọrí sí ìsàlẹ̀ òdìkejì. Kò wẹ̀yìn.

Tíṣà wò ó lọ, ó wá wo Nọ́ọ̀sì. "Mu omi, kó o máa bọ̀," ó ní, bí ẹni tí ojú ń tì. Òun náà sì lọ.

Nọ́ọ̀sì dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀. Òfin ní kí wọ́n dúró de ẹni tó gbẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ ti dúró. Òfin ò ní kó bá a sọ̀rọ̀.

Kò mu omi. Ó yí jíà, ó sì tẹ̀lé wọn.