Ìbéèrè Ẹlẹ́ẹ̀kẹta

Ó ti rẹ Behrang kí iṣẹ́ ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Òun ni olùkọ́ eré ìmárale fún àwọn ọmọ tí wọ́n pààrọ̀ ọkàn wọn ní ilé ìwòsàn kan ní Tehran, ọ̀rọ̀ Mahrokh ni kò sì jẹ́ kó sùn dáadáa.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Mahrokh, ìlú Birjand tó jìnnà réré ni wọ́n ti gbé e wá. Láti ìgbà òtútù ni òun àti Tuba ìyá rẹ̀ ti ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn, tí bàbá sì ń dá tọ́jú àwọn àbúrò nílé. Bí ọmọ náà bá rin ìrìn tòní lórí ẹ̀rọ dópin láìjẹ́ pé ó rẹ̀ ẹ́ jù, dókítà á ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Ọkàn tí wọ́n gbìn síni láyà kì í tètè gbọ́ ìròyìn ara, torí wọ́n ti gé àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ fún un. Ẹsẹ̀ lè ti máa sáré kí ọkàn ṣì máa rìn. Bó ṣe ń lù kò lè sọ bóyá ó ti rẹ ọmọ. Ẹnu ọmọ la fi ń mọ̀. Àwòrán àwọn ojú kan wà lára ògiri, láti orí èyí tó ń rẹ́rìn-ín dórí èyí tó ń sunkún, kí ọmọ fọwọ́ kan èyí tó jọ tirẹ̀. Èyí tó ń rẹ́rìn-ín ni Mahrokh máa ń fọwọ́ kàn. Behrang á yìn ín, á sì fi kún eré ẹ̀rọ tí ọmọ náà ń rìn lórí rẹ̀.

Àmọ́ Tuba ti sọ fún un pé tí wọ́n bá ti dé yàrá wọn, ọmọ náà máa ń sùn lọ sídìí oúnjẹ, ti ṣíbí ti ṣíbí lọ́wọ́. Ẹni tí kò rẹ̀, kí ló ń sùn sídìí oúnjẹ fún? Behrang yẹ ẹ̀rọ wò, ó yẹ oògùn wò, kò rí nǹkan kan.

Láàárọ̀ yẹn, ó gbé àwo dàbínù síwájú Mahrokh. Ó dúpẹ́, ó ní òun ò jẹ. Behrang tún fi lọ̀ ọ́, ọmọ náà ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Nígbà ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló mú ẹyọ kan, ó sì jẹ ẹ́ bí ẹni tí ebi ti ń pa láti àná.

Àwo náà dúró lọ́wọ́ Behrang. Ta ló máa ń sọ tinú ẹ̀ ní ìbéèrè àkọ́kọ́ nílùú yìí, níbi tó jẹ́ pé ọmọlúàbí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì? Òun gan-an kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Mahrokh ti rìn dé àárín, Behrang bi í bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà fọwọ́ kan ojú tó ń rẹ́rìn-ín, ó sì kí Behrang bí wọ́n ṣe ń kí òṣìṣẹ́ níbẹ̀, pé kó má rẹ̀ ẹ́. Behrang tún bi í. Ó ní kò rẹ òun rárá.

Tuba rẹ́rìn-ín lórí àga. “Bùrọ̀dá, ṣé tipátipá ló fi máa rẹ̀ ẹ́ ni? Ọmọ tó fẹ́ lọ sílé rèé.”

Behrang bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú wọn fi ṣe gẹ́gẹ́. “Mahrokh, mo bẹ̀ ọ́. Ṣé ó rẹ̀ ọ́?”

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. “Ó rẹ̀ mí, àǹkù. Ojoojúmọ́ ló máa ń rẹ̀ mí.”

Behrang dín eré ẹ̀rọ náà kù díẹ̀díẹ̀, torí irú ọkàn bẹ́ẹ̀ kì í tètè rọlẹ̀.

“Kí ló dé tóò sọ látọjọ́ yìí?” Tuba ló bi í bẹ́ẹ̀.

“Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi mí, Màmá. Ẹ̀yin lẹ ní ọmọ gidi kì í yára ráhùn.”

Dókítà wá, ó gbọ́, ó ní kí wọ́n padà sí ìrìn jẹ́jẹ́, ó di ìgbà ooru kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀ ilé. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Tuba pe ọkọ rẹ̀, ó ní kó má wulẹ̀ wá pàdé àwọn ní ibùdókọ̀. Ọkùnrin náà béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Tuba wo Mahrokh kó tó dáhùn.

“Kò sí nǹkan. Ọmọ ẹ ló sọ pé ó rẹ òun.”

Tuba jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, Mahrokh sì wá gbórí lé e nítan. Ọmọ mìíràn ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Behrang ní kó ṣe sùúrù díẹ̀.