Láolú Tí Ọkàn Rẹ̀ Ń Lù Lẹ́ẹ̀kan Lọ́sẹ̀

"Ẹ̀yin ń pariwo ọkàn, ọkàn! Tèmi, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń lù lọ́sẹ̀, ó sì di ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìwàásù. Àwọn dókítà òyìnbó gbọ́, wọ́n kún inú bàálù méjì, wọ́n balẹ̀ sí Airport Road níbí, wọ́n dọ̀bálẹ̀ pé kí n jọ̀ọ́ yá wọn lọ́kàn mi, kí wọ́n lọ fi ṣèwádìí. Mo yọ ọ́ fún wọn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ta táyà ní Iyaro láìsí ọkàn nínú mi. Ìyàwó mi pàápàá ò fura!"

Láolú nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ débi pé bí tírélà bá sọnù ní Iyaro, inú ẹnu náà ló yẹ kí ọlọ́pàá kọ́kọ́ tú wò. Nínú gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Oregbeni, nílùú Bìní, níbi tí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ti ń ṣèpàdé, ló dúró tó ń fọ́nnu, tí àwọn àgbààgbà onírùngbọ̀n ń pàtẹ́wọ́ fún un bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Jùmọ̀kẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Báǹkì ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sí irú onírọ́ tí ojú rẹ̀ ò tíì rí, ṣùgbọ́n irọ́ ti Láolú yìí ti wọlé tọ̀ ọ́ wá. Bàbá rẹ̀, Bàbá Adéníyì, olórí ẹgbẹ́, ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àìsàn yìí kan náà ló rọ ẹ̀gbọ́n bàbá lápá lẹ́sẹ̀ títí tó fi kú. Láolú sì ti wá bá bàbá nílé, ó ní, "Bàbá, ọ̀lẹ ní ń jẹ kóró oògùn. Èmi ò fi kan ẹnu rí láyé mi." Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti ń da oògùn rẹ̀ sídìí òdòdó. Òdòdó ń gbilẹ̀, bàbá ń rọ. Jùmọ̀kẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó sunkún, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan náà ni bàbá ń fi dá a lóhùn: "Láolú ò jẹ ẹ́, ṣé o ò rí bó ṣe le bí òkúta ni?"

Ìdí nìyẹn tí Jùmọ̀kẹ́ fi pe Dókítà Èyítọ́pẹ́ wá sípàdé, obìnrin kan tó ń ṣèwádìí àrùn ọkàn.

"A fẹ́ mọ ohun tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wa máa le gbagidi bí ọ̀pá omi tó dípẹtà," ni dókítà wí. "A ó máa wọn ẹ̀jẹ̀ yín, a ó sì máa tọpa yín fún ọdún díẹ̀. Ẹni tó bá ń lo oògùn, kó má dá a dúró o."

"Ẹ ti orí tèmi bẹ̀rẹ̀!" Láolú ti na apá. "Ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ o, ẹ̀rọ yín á fọ́ ni!"

Nọ́ọ̀sì tó bá dókítà wá, ọmọ Bìní, wé ọ̀já ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn lápá. "Oga, no talk. Rest small."

Kí Láolú má sọ̀rọ̀ kẹ̀! Ẹ kúkú ní kí odò Ikpoba má ṣàn mọ́. Ẹnu rẹ̀ ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ kejì sì ń tẹ fìlà mọ́lẹ̀. Jùmọ̀kẹ́ ti ń wò ó láti àárọ̀: bí adìẹ ṣe ń sàba ẹyin ló ṣe ń ṣọ́ fìlà yẹn.

Kí nọ́ọ̀sì tó tẹ ẹ̀rọ ni Bàbá Adéníyì wọlé, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀, orí ń fọ́ ọ. Gbogbo ọkùnrin tẹríba, wọ́n fọwọ́ kanlẹ̀, ó parí. Ó tó wọn, kò tó Láolú, ẹni tí kì í ṣe nǹkan níwọ̀n. Tòun tọ̀já lápá, ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀ gbì, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. "Bàbá wa o! Àràbà wa ò ní í wó!"

Fìlà fò. Káàdì oògùn méjì já bọ́ láti inú rẹ̀, wọ́n sáré lórí táìlì, wọ́n dúró síwájú bàtà bàbá.

Bàbá fi ọ̀pá tọ́ka sí wọn. "Jùmọ̀kẹ́, ojú mi ò ríran dáadáa. Ṣé kì í ṣe irú èyí ni mò ń dà sídìí òdòdó?"

"Òun gan-an ni, Bàbá. Ó sì ti jẹ ẹ́ kọjá ààbọ̀."

"Ti ewúrẹ́ mi ni!" Láolú kígbe láti ilẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ mi ló ń ru!"

"Ó dáa," ni bàbá wí. "Ewúrẹ́ rẹ ń jẹ oògùn, èmi ń da tèmi nù nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ. Láolú, nínú àwa méjèèjì, ta wá ni ewúrẹ́?"

Ẹ̀rín bú. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan ló tún ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù, àwọn aláìnítìjú! Bàbá jókòó, ó ká apá agbádá sókè. "Dókítà, ẹ wọn tèmi. Jùmọ̀kẹ́, bá mi bu omi wá, kí n gbé oògùn mi mì."

"Ó yá, Oga, make we check the goat," ni nọ́ọ̀sì wí, ó nawọ́ sí ẹ̀rọ.

Láolú ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó fò dìde, ó gba ojú fèrèsé jáde, ọ̀já lápá, ẹ̀rọ ń fì lẹ́yìn rẹ̀ bí ìrù ọ̀bọ, ó kọrí sí Ikpoba Hill. Ọkàn tó ń lù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ń dún kì-kì-kì débi pé obìnrin tó ń ta epo lẹ́bàá ọ̀nà rò pé jẹnẹrétọ̀ ló ń sáré bọ̀.

Apá Bàbá Adéníyì ṣì wà ní nínà.

"Bàbá, sorry," ni nọ́ọ̀sì wí. "Machine don run."