Ara Ọmọ Le, A Dúpẹ́

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ̀ nípa káàdì ìlera ọmọdé ju ìyá mi lọ, àfi kí ẹ lọ bá ẹni tó dá a sílẹ̀. Ìyá mi ò pa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan jẹ rí ní ilé ìwòsàn àdúgbò wa. Tí nọ́ọ̀sì bá ti kéde pé kí àwọn tó ń tọ́ ọmọ wá gbọ́rọ̀, ìyá mi ti wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti pa ara, ọmọ-ọmọ wọn wà lórí itan wọn. Nọ́ọ̀sì ò ní tíì béèrè ìbéèrè tán tí màmá á ti dáhùn. Nọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ ló sọ wọ́n ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí náà ló gba ẹ̀bùn akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé jù, bọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé, "Ìlera ọmọ rẹ, ọwọ́ rẹ ló wà." Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pọn omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì náà nílé wa o. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ló ń gbé, bíi fọ́tò ìgbéyàwó.

Ìyá mi yìí kan náà ló fi ẹnu ara wọn gba káàdì lọ́wọ́ ọmọ mi.

Ẹ má tíì dá sí i, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi. Òtẹ́ẹ̀lì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá ìfọṣọ tó wà nísàlẹ̀ ilé, níbi tí àlejò kankan ò lè rìn dé. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni mo ń lọ̀. Ẹ ò tíì rí aṣọ bẹ́ẹ̀dì láyé yín. Bí mo ṣe ń lọ èyí tán ni wọ́n ń gbé òmíì dé, funfun báláú, bí ẹni pé àwọn àlejò yẹn ò níṣẹ́ méjì ju kí wọ́n máa sùn lọ. Ọwọ́ ọ̀tún mi yìí, nígbà míì mi ò kì í mọ̀ pé ó wà lára mi, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ là ń sọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọn ò gbà wá láyè láti mú fóònù wọ yàrá ìfọṣọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún káàdì, orúkọ màmá mi àti nọ́ńbà fóònù wọn ni mo fi sílẹ̀ bí alágbàtọ́. Bàbá ọmọ ti bá tirẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Lọ́yà là ń pe ọmọ náà, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ tí kò ní rí ẹjọ́ rò nínú ẹ̀. Obìnrin ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́fà. Àtìgbà tó ti ń rá ló ti ní ikọ́ fée. Tó bá dé sí i, àyà ẹ̀ á máa fọn bíi fèrè, àárín egungun ìhà ẹ̀ á máa wọlé, ẹjọ́ tó ń rò á gé sí méjì. Ínhélà méjì, oògùn tí wọ́n ń tẹ̀ sẹ́nu kó fà á símú, ni wọ́n fún un. Ọ̀kan ni ti àràárọ̀ àti alaalẹ́, kí ikọ́ má bàa wá. Ìkejì ni ti ìgbà tó bá wá. Ti àràárọ̀ yẹn ló sọ ọ́ dọmọ tó ń sáré ká àdúgbò bí ọmọ ẹlẹ́mìí méje. Nọ́ọ̀sì sì ti ṣàlàyé ẹ̀ fún wa dáadáa: "Oògùn ló jẹ́ kí ara ẹ̀ le, kì í ṣe pé àìsàn ti lọ." Màmá mi mọ gbólóhùn yẹn lórí. Wọ́n máa ń kà á sí mi létí tí mo bá ti pẹ́ kí n tó fún ọmọ ní oògùn.

Bí káàdì ṣe rí nìyí. Gbogbo ọmọdé ló ní in títí tó fi máa pé ọdún mẹ́fà. Tó bá ti pé mẹ́fà, ọmọ tó bá ní àìsàn tí kì í lọ nìkan ni ìjọba á máa bá sanwó oògùn lọ. Iléeṣẹ́ káàdì á pe alágbàtọ́ lórí fóònù, wọ́n á bi í bí ọmọ ṣe wà, á dáhùn, ó parí. Màmá mi ló kọ́ gbogbo àdúgbò. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì lọ́jọ́ tí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, tí wọ́n ń kìlọ̀ fún ìyá ìbejì ilé kejì: "Tí wọ́n bá pè ọ́, sọ ọ́ bó ṣe rí o. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́!"

Nígbà tí oògùn àràárọ̀ tán, mo gba àyè níbi iṣẹ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ sí ilé oògùn. Apoògùn wo kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó tún un wò, ó ní, "Ẹ máà bínú, káàdì yìí ti kú."

"Kí ló kú?" Màmá mi ti bọ́ síwájú. "Olúwa má jẹ̀ẹ́! Má pe ikú mọ́ ọmọ mi lára!"

"Màmá, káàdì ni mo ní."

"Káàdì ta ni? Ṣé kì í ṣe ọmọ ló ni ín?"

Mo ní kí apoògùn má dá wọn lóhùn, kó kàn sọ iye tí oògùn jẹ́ fún ẹni tí ò ní káàdì. Ó sọ ọ́. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, kò yí padà. Mo gbọn ínhélà kejì tó wà nínú báàgì mi, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ̀rù sì bà mí gan-an. Tí ikọ́ yẹn bá wá báyìí, kí la máa fi lé e?

Ibẹ̀ la gbà dé ọ́fíìsì káàdì. Àwọn àga oníke tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ ló kún inú yàrá náà, bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ jí wọn gbé. Fáànù kan ń yí lókè, ariwo ẹ̀ ju atẹ́gùn ẹ̀ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sẹ́yìn gíláàsì, ihò tí wọ́n dá sí gíláàsì náà fún ọ̀rọ̀ sísọ wà nísàlẹ̀ pátá, débi pé ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ba bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Mo gbà pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Akọ̀wé tó dá wa lóhùn jẹ́ ọmọdébìnrin kan tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú, háńkáṣíìfù ò kúrò nímú ẹ̀.

Ó ní, "Màmá, a pè yín. Ẹ sì dá wa lóhùn. Ẹ ní ara ọmọ ti yá."

"Ta ló pè mí? Ẹnikẹ́ni ò pè mí!"

"A máa ń gba ohùn sílẹ̀, mà." Ó tẹ nǹkan kan, ohùn sì jáde látinú kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó lọ sókè débi pé gbogbo yàrá gbọ́.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Iléeṣẹ́ káàdì ìlera la ti ń pè. Ṣé ọmọ ṣì ń ṣàìsàn?"

Ohùn màmá mi ló tẹ̀ lé e, ó dán gbinrin: "Àìsàn kẹ̀! Nílé ta ni? Ara ọmọ le koko! Kò sí àìsàn lọ́dọ̀ wa, kò sì ní sí!"

"Àmín," ẹnì kan wí lórí àga ẹ̀yìn.

"Ṣé ó ṣì ń lo oògùn, mà?"

"Oògùn ò ní di oúnjẹ ọmọ mi láyé! Ẹ̀yin náà tí ẹ ń pè wá yìí, ẹ ò ní fi owó yín ra oògùn!"

"Àmín o!" Gbogbo yàrá ló ṣe é, ìyá arúgbó kan tilẹ̀ na ọwọ́ sókè. Ọmọbìnrin inú fóònù náà ò gbẹ́yìn. Ó ní, "Àmín, mà, ẹ ṣeun gan-an," ó sì pa fóònù.

Ẹ gbà mí! Mo wá ilẹ̀ tí mo máa kó sí, simẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Mo kọjú sí wọn. "Màmá, ṣé ẹ̀yin nìyẹn?"

"Èmi ni. Kí ni mo ṣe tó burú? Ẹni tí mi ò mọ̀ rí pè mí ní kùtùkùtù, ó ń bi mí bóyá ọmọ mi ń ṣàìsàn. Kí ni kí n sọ? Kí n ní bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ ńkọ́? Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ gbà ńkọ́?"

"Ilé ìwòsàn nìyẹn. Ilé ìwòsàn la ti ń sọ̀rọ̀ àìsàn. Èèyàn kì í jí kó máa fẹnu ara ẹ̀ pe àìsàn wọlé."

Akọ̀wé fọn imú, ó ní kí a má jà, ọ̀rọ̀ náà ò le. Òun á tún ìbéèrè náà bi wọ́n níbí, alágbàtọ́ á dáhùn fúnra ẹ̀, káàdì á sì jí. Ó gbé ẹnu sún mọ́ ihò náà. "Màmá, ṣé ọmọ yìí ní àìsàn tí kì í lọ? Bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Màmá mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Ṣé ẹ rí i, ara ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀…"

"Bẹ́ẹ̀ ni ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Ó máa ń rẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ń ṣe é."

"Kò sí àyè fún 'Ọlọ́run ń ṣe é' níbí, mà. Méjì yẹn náà ló wà."

Inú bí mi. Mo tẹ̀ba, mo pariwo sínú ihò: "Èmi tí mo bí i ni mo sọ pé ó ń ṣàìsàn!"

"Orúkọ yín kọ́ ló wà níbí, Ìyá Ọmọ. Ẹ máà bínú."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹ sọ ọ́."

Wọ́n wò mí, omi ti lé ròrò sójú wọn. "Tí kì í lọ! O gbọ́ ohun tó ní kí n sọ? Ọmọ tí mo fi ọwọ́ mi yìí gbà lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, kí n wá fi ẹnu mi yìí sọ pé àìsàn ẹ̀ ò ní lọ? Mi ò sọ ọ́. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ."

Mo fẹ́ gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì, mo sì fẹ́ dì mọ́ wọn. Mi ò mọ èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe. Kí n tó mọ̀, mo gbọ́ fèrè.

Lọ́yà tó ti ń sáré yí àwọn àga po láti ìgbà tá a ti dé ti dúró. Ó di etí àga kan mú, èjìká ẹ̀ ń lọ sókè sódò. Mo sáré fa ínhélà jáde, mo fi sí i lẹ́nu, mo tẹ̀ ẹ́. Oògùn díẹ̀ jáde. Mo tún un tẹ̀, atẹ́gùn lásán ni. Mo gbé ọmọ wá síwájú gíláàsì, nítorí mi ò mọ ibòmíì tí mo lè gbé e lọ.

Akọ̀wé náà tẹ̀ba, ojú ẹ̀ sì ko ojú ọmọ ní tòótọ́ nínú ihò yẹn. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ dáadáa. Ṣé ara ẹ le?"

Lọ́yà na ọrùn bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. "Ara mi… le… mà," ó ní. "A dú… a dú…" Ó ń wá ìyókù ọ̀rọ̀ náà, kò rí èémí tó máa fi sọ ọ́.

Màmá mi wò ó. Mo rí i bí ẹnu wọn ṣe ń bá a mú ọ̀rọ̀ náà lọ láìsí ohùn, bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọ nílé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n la ọwọ́ mọ́ gíláàsì.

"Irọ́ ni! Irọ́ ló ń pa! Ọmọ mi ń ṣàìsàn! Ikọ́ fée ni, àtìgbà tó ti ń rá ni, kì í lọ! Oògùn ló jẹ́ kí ara ẹ̀ le, kì í ṣe pé àìsàn ti lọ! Bẹ́ẹ̀ ni! Mo ní bẹ́ẹ̀ ni!"

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò ṣe àmín.

Akọ̀wé tẹ kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde, ó sì sáré ṣáájú wa lọ sí ilé oògùn míì tó wà nínú ọgbà ọ́fíìsì náà. Wọ́n fún wa ní ínhélà méjèèjì. Mo tẹ ti ìgbà ìnira sí i lẹ́nu, mo tún un tẹ̀, títí fèrè náà fi rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó wà níta, a ń gbọ́ èémí ẹ̀. Nígbà tó ń mí dáadáa, ẹjọ́ ló kọ́kọ́ rò.

"Ìyá Àgbà, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní tí àgbàlagbà bá bi mí, kí n ní ara mi le?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń dáhùn kí nọ́ọ̀sì tó béèrè tán kàn ń fi ọwọ́ pa á lórí.

A dìde, ó ku díẹ̀ ká dé ẹnu géètì. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi gbé àpò oògùn. Mi ò mọ̀ pé ó ti jábọ́ àfi ìgbà tí Lọ́yà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó mú un.

"Kí ló ṣe ọwọ́ ẹ?" Màmá mi ti dúró.

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Ó máa ń kú mọ́ Mọ́mì lára," Lọ́yà ní. "Inú omi gbígbóná ni wọ́n máa ń ki ọwọ́ náà bọ̀ tí ẹ bá ti sùn."

"Ọmọ yìí, ta ló bi ọ́? Màmá, ẹ má dá a lóhùn. Ara mi le, a dú…"

Àwọn méjèèjì jọ ń wò mí. Màmá mi gba àpò oògùn lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n kọjú sí ilé oògùn tá a ti ń bọ̀.

"Yí padà," wọ́n ní.

"Màmá, mo ní ara mi le."

"Mo gbọ́. Ẹnu mi lo ti kọ́ ọ. Yí padà."