A Kì Í Fèsì sí Ẹ̀dà

Kí Màmá Atẹ̀wé tó bọ́jú láàárọ̀, ìdọ̀tí ló kọ́kọ́ máa ń gbá. Kì í ṣe ìdọ̀tí ilẹ̀ o, ilẹ̀ ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ìdọ̀tí inú kọ̀ǹpútà ni mò ń wí, àwọn ímeèlì tí ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ pè. Ẹnì kan tí kò mọ̀ rí á kọ̀wé sí i pé òun ní oògùn tí yóò mú irùngbọ̀n rẹ̀ hù dáadáa. Òmíràn á ní ẹrù rẹ̀ há sí pápákọ̀ òfuurufú, kó tètè fi nọ́ńbà báńkì rẹ̀ ránṣẹ́. Ọkùnrin kan wà tó ń pè é ní olólùfẹ́ mi láràárọ̀, tí orúkọ ọkùnrin náà sì ń yí padà láràárọ̀.

"Ọkọ mi tó ti kú kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí," ni Màmá máa ń wí, á sì tẹ bọ́tìnì ìdànù.

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ìkángun àdúgbò, ló bá a fi asẹ́ sínú ẹ̀rọ náà. "Ẹ wò ó, Mà," ló ṣàlàyé lọ́jọ́ náà. "Bí ẹ bá ti rí èyí tẹ́ ò fẹ́, ẹ tẹ ìdànù. Ẹ̀rọ á kọ́ ọ lára yín. Ẹni tẹ́ ẹ bá ti dànù lẹ́ẹ̀kan, asẹ́ yìí ò ní jẹ́ kó yọjú sí yín mọ́." Irọ́ ńlá! Màmá tẹ̀, ó tẹ̀, ìka rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́. Bó bá da mẹ́wàá nù lónìí, ogún á wọlé lọ́la pẹ̀lú orúkọ tuntun. Nígbà tó yá, ó gbà pé asẹ́ náà ti ya, pé bọ́tìnì ìdànù kò yàtọ̀ sí agbọ̀n tí a ń ju bébà sí ní ọ́fíìsì.

Ohun tó ń wá láàárín gbogbo pàǹtí yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ìwé ọmọ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Yàrá ẹ̀rọ ọkọ̀ òkun ni ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́, fóònù kì í sì í dún láàárín agbami. Ímeèlì nìkan ni ọ̀nà tó wà. Oṣù mọ́kànlá rèé tó ti wọ ọkọ̀, Màmá kò sì rí ju ìwé kan lọ. Ìwé kan yẹn gan-an ló bí gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ ná.

Nọ́ọ̀sì ni àbúrò rẹ̀ obìnrin yìí. Kò bímọ. Màmá Kékeré ni ọmọ náà ń pè é. Ilé rẹ̀ ló sún mọ́ ilé ìwé, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ gbé fún ọdún mẹ́fà, tó ń wá kí ìyá rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Màmá ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú un lọ síbẹ̀, kò sì dárí rẹ̀ ji ẹnikẹ́ni títí di òní. Àwọn àgbà ní òrìṣà jẹ́ n pé méjì, obìnrin kò dénú. Ọ̀rọ̀ orogún ni wọ́n fi ń pa o, ṣùgbọ́n ẹ bi ìyá tó ń bá àbúrò rẹ̀ pín ọmọ léèrè wò. Bí ọmọ náà bá sín, bí Màmá Kékeré ṣe ń sín ló ń sín. Kì í fi ṣúgà sí tíì, nítorí wọn kì í fi sí i níbẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni ti kíká aṣọ. Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń ká aṣọ ibùsùn, tí yóò ki etí rẹ̀ bọ inú, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń ká ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Nígbàkígbà tó bá ń di ẹrù nílé ìyá rẹ̀, bó bá ti bọ́ sí ilé ìwẹ̀ báyìí, Màmá á yọ́ wọ yàrá, á tú ṣẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì tún wọn ká bí òun ṣe ń ká a. Owú ni, kò ní orúkọ mìíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ọmọ náà wọ ọkọ̀ ni ìwé kan yẹn dé. Màmá rí orúkọ ọmọ rẹ̀, ó kígbe ayọ̀, ó wọ awò ojú rẹ̀. Ló bá wo òkè ìwé. Níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó ni ìwé sí, àdírẹ́ẹ̀sì Màmá Kékeré ló wà níbẹ̀. Tirẹ̀ wà nísàlẹ̀, níwájú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: Ẹ̀dà.

Ẹlòmíràn ò ní ka ìyẹn sí. Ṣùgbọ́n ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni ìyá yìí fi tẹ ìwé fún àwọn ọ̀gá ní ọ́fíìsì, ibẹ̀ ni orúkọ Atẹ̀wé ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó mọ òfin ìwé bí ẹni mọ ilé baba rẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lókè ló ni ìwé. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí, kó ṣáà ti gbọ́ ni: akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí, olórí àwọn tó ń ṣọ́ géètì. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ abẹ́ kábọ̀nù ni tiwọn, èyí tí lẹ́tà rẹ̀ máa ń ṣú. Ẹnikẹ́ni kì í retí èsì lọ́wọ́ wọn.

"Èmi tí mo rọbí rẹ̀!" ló pariwo mọ́ kọ̀ǹpútà. "Èmi lo ń fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí, bí olórí géètì!"

Kò ka ìlà kan nínú ìwé náà. Ìka rẹ̀ bọ́ sórí ìdànù, ó tẹ̀ ẹ́. Inú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ó sì dìde lọ fọ abọ́. Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti gbàgbé pé òun tẹ nǹkan kan, ìwọ̀sí yẹn nìkan ló rántí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò gbàgbé. Asẹ́ tí kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu rí lórí ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n àti olólùfẹ́ mi, ọjọ́ yẹn gan-an ló wá gbọ́ràn.

Láti ìgbà náà, Màmá kò rí ìwé mọ́, ó sì ti mọ ìdí rẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀: ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lókè ni ọmọ ń kọ̀wé sí. Màmá Kékeré á pè é lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ wa kọ̀wé o. Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i." Ó sàn kó kú ju kí àbúrò rẹ̀ gbọ́ pé kò rí nǹkan kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a lóhùn. Ó ń retí yín."

"A kì í fèsì sí ẹ̀dà."

"Ẹ̀dà kẹ̀? Ta ni ẹ̀dà?"

Màmá á ti pa fóònù. "Ọmọ wa" yẹn á máa ta á lára títí di ìrọ̀lẹ́. Wa! Àwa ta ni? Nígbà tó ṣe, kò yà sílé àbúrò rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ilé méjèèjì kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ nínú mọ́tò. Bó bá jókòó sí ìdí oúnjẹ, ojú inú rẹ̀ á máa rí Màmá Kékeré lórí àga, tó ń ka ìwé ọmọ náà ní àkàtúnkà, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Oúnjẹ á korò lẹ́nu rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó ń gbá ìdọ̀tí rẹ̀ lọ́wọ́ láàárọ̀ ni fóònù dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àárọ̀ o. Sátidé yìí mà ni ọmọ wa ń dé. Mo ti ń fọ aṣọ ibùsùn sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ìlà kan péré sí i kó tó di ọ̀la."

Màmá dáwọ́ ìdọ̀tí gbígbá dúró. Ọmọ rẹ̀ ń ti orí òkun bọ̀, ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dè é!

"Máa fọ̀ ọ́ lọ," ló wí. "Ìwọ ṣáà lo ni ín."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó wá sọ sí i lọ́kàn pé bóyá asẹ́ tó ya yẹn ló dí ọ̀nà mọ́ ìwé ọmọ òun. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó gbá a mọ́ abíyá, ó kọrí sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà. Kò kí i.

"Asẹ́ yín ń jẹ́ kí olè wọlé wá bá mi tọ̀sán tòru, ọmọ tí mo bí ni kò rí ọ̀nà gbà! Ẹ yọ ọ́ kúrò kíákíá."

Ọkùnrin náà fara balẹ̀ gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mà, ṣé ẹ máa ń yẹ inú àpótí ìdànù wò?"

"Ta ní ń lọ yẹ ààtàn wò?"

Ó ṣí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á wá sísàlẹ̀. Oògùn irùngbọ̀n, ẹrù pápákọ̀, olólùfẹ́ mi, orúkọ ọmọ rẹ̀. Bàtà olówó pọ́ọ́kú, olólùfẹ́ mi, orúkọ ọmọ rẹ̀. Ìwé mọ́kànlá ló wà níbẹ̀.

"Ta ló kó wọn síbẹ̀?" Ohùn Màmá ti lọ sílẹ̀ pátápátá.

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà wo ìyá náà, ó sì tètè gbójú kúrò. "Ẹnì kan ló da àkọ́kọ́ nù, Mà. Ẹ̀rọ ló wá ń kó ìyókù tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló ń ṣe." Kò bèèrè ẹni tó ni ìka. Màmá ká ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò, ó fi í pamọ́ sábẹ́ apá.

Nígbà tó dé ilé, ó ti ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́kọ́, èyí tó fìbínú dànù.

"Ẹ má bínú pé mo pa yín pọ̀, Màmá," ni ọmọ kọ. "Ìwé kan péré ni wọ́n ń gbà fún wa láti kọ lóṣù nínú ọkọ̀ yìí. Màmá Kékeré ló kọ́kọ́ kọ̀wé sí mi, mo wá fi èsì wọn ránṣẹ́ sí ẹ̀yin náà. Láti oṣù tó ń bọ̀, ẹ̀yin lẹ ó ni ìwé, àwọn ni n ó máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí."

Màmá ṣí ìkejì. Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè. Ó ṣí ìkẹta, orúkọ rẹ̀ ni. Títí dé ìkọkànlá, òun ló ni gbogbo wọn, Màmá Kékeré sì wà nísàlẹ̀, níwájú Ẹ̀dà. Oṣù mẹ́wàá gbáko ni àbúrò rẹ̀ fi wà nípò olórí géètì, kò sì fọhùn. Èsì ló tún ń kọ.

Ìwé kẹrin ló fọ́ ọ lórí jù. "Màmá Kékeré ní ojú ń dùn yín, pé dókítà ní kẹ́ ẹ jìnnà sí ẹ̀rọ. Wọ́n ní àwọn ló ń ka ìwé mi sí yín létí. Wọ́n ní nígbà tẹ́ ẹ gbọ́ ti ológbò tó bá wa wọ ọkọ̀, ẹ fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Mo kà á fún gbogbo ará yàrá ẹ̀rọ."

Ojú kò dun Màmá rí. Ṣùgbọ́n lóòótọ́ ló máa ń fọwọ́ bo ẹnu bó bá ń rẹ́rìn-ín, nítorí eyín iwájú rẹ̀ kan tó ṣẹ́. Ìtìjú bò ó. Ẹ má rò pé owú lọ o, kò lọ. Ó jókòó síbẹ̀, ó tún ń jowú irọ́ náà, bó ṣe dán mọ́rán tó. Ẹ̀rín tí òun kò rín, àbúrò rẹ̀ ló bá a rín in, ọmọ sì gbádùn rẹ̀.

Ó ka èyí tó kẹ́yìn. "Sátidé la ó gúnlẹ̀. Ọ̀dọ̀ yín ni mo fẹ́ wá, Màmá, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ dà yín láàmú bí ojú bá ṣì ń dùn yín. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu yín títí di Jímọ̀, n ó yà sọ́dọ̀ Màmá Kékeré."

Ìdí nìyẹn tí àbúrò rẹ̀ fi ń bẹ̀ ẹ́ fún ìlà kan péré. Ẹni tó ń fọ aṣọ ibùsùn náà ló tún ń bẹ̀bẹ̀ kí ọmọ má sùn lórí rẹ̀.

Màmá fa ẹ̀rọ mọ́ra. Ó tẹ̀ ẹ́ sí ọmọ rẹ̀: "Ojú mi ti sàn. Ọ̀dọ̀ mi ni kó o wá." Kò sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. Bó bá fi í ránṣẹ́ báyìí, ọmọ á dé sọ́dọ̀ rẹ̀, irọ́ á di òótọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ láéláé. Ó wò ó títí tíì rẹ̀ fi tutù. Lẹ́yìn náà ló pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Lókè, ó kọ àdírẹ́ẹ̀sì àbúrò rẹ̀. Níwájú Ẹ̀dà, ó kọ ti ọmọ.

"Àbúrò mi," ló tẹ̀, "ojú mi kò dùn mí rí. Owú ni mò ń jẹ. Orúkọ rẹ ni mo rí lókè ìwé, mo sì da ìwé ọmọ nù, ẹ̀rọ wá ń da ìyókù nù tẹ̀ lé e. N kò ka ọ̀kankan àfi lónìí. Ẹ̀rín tó o sọ fún un, bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín nìyẹn. O ṣeun. Kó aṣọ ibùsùn yẹn wá síbí, kó o sì kó aṣọ tìrẹ mọ́ ọn. Ọmọ wa ń bọ̀."

Nínú ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, kò tẹ ọ̀rọ̀ kan tó le tó "wa" yẹn. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́.

Títí ilẹ̀ fi ṣú, àbúrò rẹ̀ kò fèsì. "Ó ti kà á," ni Màmá ń wí sínú. "Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tọ́ sí mi." Láàárọ̀ Jímọ̀, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Màmá Kékeré ló dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, aṣọ ibùsùn wà láyà rẹ̀.

"Àárọ̀ yìí ni mo rí ìwé yín, ẹ̀gbọ́n mi."

"Àná ni mo fi ránṣẹ́."

"Inú àpótí ìdànù ni mo ti bá a. Ẹ ò kọ̀wé sí mi rí, ẹ̀rọ mi ò mọ̀ yín."

"Kí lo wá dé inú àpótí ìdànù?"

"Ojoojúmọ́ ni mo máa ń yẹ ibẹ̀ wò," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Mo ní bóyá ẹ ti kọ̀wé."

Màmá gba aṣọ ibùsùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti ká a dáadáa, etí rẹ̀ wà nínú. Ó gbé e lọ sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ, kò sì tún un ká.