Kọ́kọ́rọ́ Inú Àpòòwé

Ilẹ̀kùn kàn ṣí ni. Ìró ni Ìyá Aránṣọ ró mọ́ àyà, píìnì mẹ́rin sì wà láàrin ètè rẹ̀, kò lè pariwo. Ojú ló fi pariwo. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jogún ilé náà ní oṣù méjì sẹ́yìn ló dúró láàrin yàrá, ìwé àdéhùn lọ́wọ́ kan, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kejì.

Ìyá Aránṣọ tu àwọn píìnì náà sọ́wọ́. "Ta ló ní kí o wọlé?"

"Ẹ má bínú, mà. Kí ẹ kàn fọwọ́ síwèé ni. Ṣebí ilé wa náà ni?"

"Ilé yín ni. Yàrá mi ni."

Ó fa búláòsì kan wọ̀, ó gba ìwé náà, ó sì gbé e lọ síbi fèrèsé. Onílé ni yóò máa tún òrùlé ṣe. Ayálégbé kò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ ògiri. Gbogbo rẹ̀ dára, àfi ìlà keje: onílé lè wọ yàrá nígbàkúùgbà tó bá wù ú.

"Mi ò lè fọwọ́ sí eléyìí."

"Gbogbo ayálégbé tó kù ló ti fọwọ́ sí i, mà. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó kó jáde níparí oṣù."

Ìyá Aránṣọ wo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógún nínú yàrá yìí, níbo ni yóò gbé e gbà? Àárò Bàbá Onílé tó kú, bàbá ọ̀dọ́mọkùnrin náà, sọ ọ́ gan-an. Ní ọjọ́ kan tí òrùlé ń jò, bàbá náà wá wò ó nínú òjò. Ó kànlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, ó wúkọ́, ó sì dúró síta títí omi fi kún bàtà rẹ̀. "Mo gbọ́ tí ẹ ń hanrun," ló sọ nígbà tí obìnrin náà jí ṣílẹ̀kùn, "mo ní kí n jẹ́ kí ẹ sùn tẹ́rùn." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí.

"Níbo lo ti rí kọ́kọ́rọ́ yẹn?"

"Nínú àpótí Dádì. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa sínú àpòòwé."

"Àpòòwé náà dà?"

Ó yọ ọ́ lápò, ó ti ya sí méjì. Ìyá Aránṣọ tò ó pọ̀ lórí tábìlì ìlọṣọ. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́: Bàbá Onílé kò ṣí i rí. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ rí pé kọ́kọ́rọ́ kejì wà. Ó ka ohun tí bàbá náà kọ sára àpòòwé, omi sì lé sí i lójú.

"Kà á sókè," ló wí.

"'Yàrá Ìyá Aránṣọ,'" ni ọmọ náà kà. "'Bí iná bá ń jó nìkan. Bí iná kò bá jó, ẹ kànlẹ̀kùn.'"

Ó fọwọ́ kan ibi tí àpòòwé náà ti ya. "Mo kàn ya á ni, mà. Mi ò kà á."

Ó gbé kọ́kọ́rọ́ àti bírò rẹ̀ lé orí ìwé àdéhùn náà, ó jáde, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn dún: ẹ̀ẹ̀mẹta.

"Ta ni?"

"Onílé ni, mà. Ṣé kí n wọlé?"

"Dúró ná."

Ìyá Aránṣọ nu ojú rẹ̀. Ó fi bírò pa ìlà keje rẹ́, ó sì fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, kò kánjú rárá. Níta, ọmọ náà wúkọ́ gẹ́lẹ́ bíi bàbá rẹ̀, ó sì dúró.