Ìṣáwùrú Ọ̀jọ̀gbọ́n

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi gba ìtọ̀ ọmọ ọlọ́mọ sínú ìgò fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Ládòkun. Bí òórùn ìtọ̀ bá ń sọni di ọ̀mọ̀wé, èmi náà ì bá ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Kòkòrò kan ló ń wá, èyí tó ń ti inú ìṣáwùrú etí odò jáde, tó ń gba awọ ara wọ inú èèyàn, tí èèyàn á sì máa tọ ẹ̀jẹ̀. Odò abúlé wa, lójú ọ̀nà Ago-Amodu, ló ti rí i, ibẹ̀ náà ló sì ti di olókìkí.

ÀTỌ̀SÍ ló kọ gàdàgbà sára pátákó tó gbé sétí odò. Ta ni ò mọ ohun tí àtọ̀sí jẹ́? Àrùn ìṣekúṣe ni. Bí ọmọkùnrin bá tọ ẹ̀jẹ̀ lọ́dọ̀ wa, bàbá rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á ní ọmọ òun ti ń dọkùnrin. Bí obìnrin bá tọ ẹ̀jẹ̀ kan náà láti inú odò kan náà, aṣẹ́wó ni.

Ohun tó bá Fàòsíyà ọmọ mi nìyẹn. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n so yìgì òun àti Mùílì. Nọ́ọ̀sì tuntun kan dúró lójúde, ó ń ka orúkọ àwọn tó ní àtọ̀sí kí wọ́n wá gba oògùn. Orúkọ ọmọ mi ló ṣìkejì. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Alàájì Ràsáàkì, bàbá Mùílì, ti ránṣẹ́: "Ìyá Fàòsíyà, ẹ jẹ́ ká dá ọ̀rọ̀ yìí dúró ná. A ò lè fi owó ara wa fẹ́ àrùn wọlé." Ọmọ tí kò tíì mọ ọkùnrin! Ó ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, kò jẹ, kò mu.

Mo pe Ọ̀jọ̀gbọ́n lórí fóònù. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ń bọ̀ ní Sátidé, wọ́n fẹ́ ṣayẹyẹ ìfẹ̀yìntì òun ní pápá ilé ẹ̀kọ́ wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti pín ìwé kan nípa iṣẹ́ rẹ̀. Mo gbé e fún Débọ́lá, tíṣà abúlé wa, kó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó kà á tán, ó tún ṣí i padà sí ojú ìwé kan.

"Kí ló dé?"

"Ìyá, ẹ má bínú o. Wọ́n ní ọdún kejìlá rèé tó ti kọ ọ́ pé orúkọ àtọ̀sí yìí ń ba àwọn ọmọbìnrin ibí lórúkọ jẹ́, pé ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n wá gba oògùn. Ohun tó kọ yẹn gan-an ló gbé e dé ìlú òyìnbó."

Ọdún kejìlá! Ó mọ̀. Ó sọ fún gbogbo ayé, kò sọ fún èmi tí mò ń gbé ìgò ìtọ̀. Ọdọọdún ló sì ń tún pátákó náà kùn. Inú bí mi gidigidi.

Ní Sátidé, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan dìde, ó ní àwọn òyìnbó ti fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ irú ìṣáwùrú kan, pé ọlá ńlá ni láàárín àwọn onímọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alàájì Ràsáàkì náà pàtẹ́wọ́. Mo lọ gba máìkì.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àrùn odò yìí, ṣé ìṣekúṣe ló ń fà á?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o, Ìyá Fàòsíyà. Omi ni. Tọkùnrin tobìnrin ló ń mú. Kódà, àwọn ọmọkùnrin ló pọ̀ jù."

"Kí wá ló dé tí ẹ pè é ní àtọ̀sí?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní "àtọ̀sí ajá", orúkọ tí ìwé ń pe àrùn odò yìí, lòun kọ fún ẹni tó kun pátákó, pé ẹni náà ló yọ ajá kúrò nítorí àyè ò gbà á.

"Ọmọ mi kì í ṣe ajá, kì í sì í ṣe aṣẹ́wó! Ẹ mọ̀ láti ọdún méjìlá sẹ́yìn, ẹ panu mọ́. Ó dáa. Òyìnbó ti fi ìṣáwùrú dá yín lọ́lá, àwa náà ò ní gbẹ́yìn. Láti òní lọ, Ládòkun lorúkọ àrùn yìí. Ẹni tó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, Ládòkun ló ń ṣe é."

Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Fàòsíyà, ẹ jọ̀ọ́," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, "orúkọ bàbá mi ni o! Ẹ má bà á jẹ́."

"Orúkọ ọmọ tèmi ńkọ́?" Mo dá máìkì padà fún wọn.

Orúkọ náà yára ràn ju àrùn lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ìyá ti ń sọ ọ́ sókè ketekete ní ilé ìwòsàn: "Nọ́ọ̀sì, Ládòkun ń ṣe ọmọ mi." Àwọn ọmọbìnrin tó ti ń sá fún oògùn wá tò sórí ìlà. Wọ́n ní Ọ̀jọ̀gbọ́n ń bínú sí mi. Kó máa bínú lọ, tèmi náà ò tíì tán.

Ní Àlàmísì, Alàájì Ràsáàkì dé ẹnu ọ̀nà mi pẹ̀lú Mùílì. Fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́, ilẹ̀ ló ń wò.

"Ìyá Fàòsíyà, ẹ forí jì wá. A mú Mùílì lọ fún àyẹ̀wò."

"Kí ni wọ́n rí?"

Ó ń lọ́ fìlà náà mọ́ra. "Ládòkun ni."

Ìlẹ̀kùn yàrá ṣí lẹ́yìn mi. Fàòsíyà jáde, ó ti rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un sọ," ló wí, "kí àwọn ará ilé kejì lè gbọ́."