Ẹni Tó Máa Kẹ́yìn Lójú Ọ̀nà Gavia

Ní abúlé wọn nísàlẹ̀ àwọn òkè Bergamo ní Ítálì, kò sóbìnrin tó máa ń bá ọkọ ẹ̀ lọ sípàdé àwọn oníkẹ̀kẹ́. Kí ló fẹ́ lọ gbọ́ níbẹ̀? Ẹjọ́ táyà, ẹjọ́ orúnkún tó ń dunni, àti irọ́ nípa ẹni tó kọ́kọ́ dé orí òkè nígbà tí gbogbo wọn ṣì nírun lórí. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi gbójú sókè nígbà tí Renata tẹ̀ lé Tarcisio ọkọ ẹ̀ wọ yàrá ẹ̀yìn ilé ọtí Delfina, lẹ́yìn Máàsì ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Karùn-ún.

"Àrà mérìíyìírí!" Onorato ló pariwo bẹ́ẹ̀. Alápatà ni, ẹnu ẹ̀ kì í sinmi. "Ẹ káàbọ̀ o, ìyàwó wa. Àbí Ẹ̀gbọ́n ò lè dá rìn mọ́ ni?"

Renata rẹ́rìn-ín, ó fa àga kan sún mọ́ ògiri. "Mo wá wo irú irọ́ tẹ́ ẹ máa ń pa ni."

"Ẹ ti pẹ́ kẹ́ ẹ tó wá. Èyí tó dáa jù, a ti pa á tán."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bu wáìnì funfun fún un. Irọ́ kọ́ ló bá wá, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Látìgbà òtútù ni iyè Tarcisio ti ń ra. Orúkọ èèyàn ló kọ́kọ́ ń gbàgbé, wọ́n ní ọjọ́ ogbó ni. Nígbà tó yá, ó jáde lọ ra búrẹ́dì, àwọn ará abúlé kejì ló fi mọ́tò gbé e wálé, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ní òun lọ na ẹsẹ̀ ni. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì là á mọ́lẹ̀ fún wọn láìfepo bọyọ̀: àìsàn tó ń jẹ ìrántí èèyàn ni, kò ní í sàn, ńṣe ni á máa burú sí i. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wálé, Tarcisio di ọwọ́ ìyàwó ẹ̀ mú nínú mọ́tò.

"Má sọ fún àwọn ẹgbẹ́," ló wí. "Jẹ́ kí n kó wọn gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Bormio lódìkejì òkè Gavia lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣèlérí fún mi."

Renata ṣèlérí. Ta ni ò ní í ṣèlérí?

Bó ti wù kí oòrùn mú nísàlẹ̀ tó, atẹ́gùn orí òkè Gavia ò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ni. Nítorí ẹ̀ làwọn oníkẹ̀kẹ́ ṣe máa ń ki ìwé ìròyìn sábẹ́ ẹ̀wù kí wọ́n tó dà sọ̀ kalẹ̀, kí òtútù má bàa wọ̀ wọ́n láyà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú ìpàdé yẹn, Renata wọ ilé ìdáná láàárọ̀, ó bá ọkọ ẹ̀ lórí àga, ó ti ki ìwé ìròyìn kún abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó di bọ́tìnnì dé ọrùn, òógùn ń ṣàn lójú ẹ̀.

"Àwọn yòókù dà?" ló bi í. "Ó yẹ ká ti máa sọ̀ kalẹ̀."

Renata fa ìwé náà yọ lábala lábala. Ó wá lọ sí ilé ìwẹ̀, ó ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ kí ọkọ ẹ̀ má bàa gbọ́ ọ, ó sì sunkún.

Síbẹ̀, ká ní ìrìn àjò lásán ni, ì bá jẹ́ kó lọ. Ohun tó ń dẹ́rù bà á ni àṣà ẹgbẹ́ yẹn. Ẹni tó bá ṣètò ọ̀nà ló máa ń kẹ́yìn. Òun ló ń dúró ti ẹni tí táyà ẹ̀ bá jò, òun ló ń bá ẹni tó ti rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí tó fi máa dé òkè, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn tó wà níwájú kì í wẹ̀yìn. Ẹni tó bá wẹ̀yìn, ńṣe ló bú ẹni tó ń kẹ́yìn pé kò mọṣẹ́. Àtìgbà tí Tarcisio ti wà lọ́dọ̀ọ́ ló ti ń kẹ́yìn, ẹnì kan ò sì sọ nù mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Ní Ponte di Legno, ọ̀nà pín: ọ̀kan gun Gavia lọ, èkejì gba ti òkè Tonale lọ síbòmíì pátápátá. Tó bá ṣì í yà, ta ló máa rí i? Wọ́n á ti dé Bormio, wọ́n á ti wẹ̀, wọ́n á ti máa jẹun, kí wọ́n tó mọ̀ pé kò sí láàárín wọn. Àgbàlagbà tó wà lórí òkè lóru pẹ̀lú ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń parí.

Tarcisio dìde láàárín wọn nínú yàrá ẹ̀yìn náà.

"A máa kúrò níbí kí oòrùn tó là," ló wí. "Ẹ má sáré kẹ́ ẹ tó kọjá Lovere. Onorato, ìwọ ni mò ń bá wí. O máa ń sá eré bí ẹni tí wọ́n jí màlúù ẹ̀ gbé, tá a bá dé Edolo, o máa ń ké pe ìyá ẹ."

"Irọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n! Ìyá ìyàwó mi ni mo ń pè."

"Èyí ló wá burú jù. Ẹ gbọ́. Tẹ́ ẹ bá kúrò ní Ponte di Legno, omi wà lápá òsì lẹ́yìn ilé onípákó kan. Ó tutù gan-an, ẹ rọra mu ún. Tẹ́ ẹ bá wọnú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú òkè, ẹ tan iná yín, kẹ́ ẹ má sì kọrin. Ẹ fi èémí yín pa mọ́, ẹ ṣì máa nílò ẹ̀."

Kò wo ìwé, kò wo máàpù. Gbogbo kọ́nà ló mọ̀, gbogbo ibi tí ọ̀nà ti fọ́. Inú Renata bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ó ní lọ́kàn ẹ̀ pé bóyá dókítà yẹn ò mọ nǹkan kan, bóyá òun lè gbé ọ̀rọ̀ òun padà sílé.

"Ọ̀dọ̀ Clementina la máa sùn," Tarcisio ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ. "Èmi àti òun sọ̀rọ̀ lórí fóònù lánàá. Ó ní òun máa se pasítà pizzoccheri, bọ́tà á sì kún inú ẹ̀ dáadáa."

Clementina tí wọ́n máa ń sùn sílé ẹ̀ tí wọ́n bá dé Bormio ti kú tipẹ́. Àwọn gan-an ló gbé pósí ẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, gbogbo wọn wọ ẹ̀wù ẹgbẹ́, Tarcisio ló ṣáájú.

Onorato ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ lu tábìlì. "Ẹ̀gbọ́n yìí máa pa wá! Ẹ bá mi sọ fún Clementina kó dín bọ́tà kù o, dókítà ò fẹ́ ẹ. Kó sì bá wa kí Pétérù Mímọ́!"

Ni gbogbo wọn bá ń rẹ́rìn-ín. Tarcisio náà ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Renata ń wo ojú ẹ̀. Ó rí i tó ń wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ ìgbà tó yẹ kóun náà dákẹ́. Kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣẹ̀rín. Ó dun Renata wọ egungun.

"Ó ti parí nìyẹn," Onorato gbé ife sókè. "Oṣù Keje, Ẹ̀gbọ́n á kẹ́yìn bí a ṣe mọ̀ ọ́n."

"Kò ní í kẹ́yìn," ni Renata wí.

Ó ti dìde kóun gan-an tó mọ̀. Ó sọ ọ́ fún wọn, gbogbo ẹ̀, látorí búrẹ́dì dórí ohun tí dókítà wí. Ti ìwé ìròyìn nìkan ni kò sọ. Ìyẹn, àárín òun àti ọkọ òun ló wà. Ọwọ́ Onorato ṣì wà lókè pẹ̀lú ife, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

"Renata," Tarcisio pè é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "O ṣèlérí fún mi."

"Mo ṣèlérí. Mo sì ti yẹ̀ ẹ́. Bínú sí mi bó o bá ṣe fẹ́, kó o sáà wà láàyè."

Onorato gbé ife sílẹ̀. Ojú ẹ̀ ti pọ́n. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. Àwàdà ni mo pè é. Ẹ jẹ́ ká fagi lé e, a ò lọ mọ́."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ má lọ?" ni Tarcisio bi í.

"Tàbí kẹ́ ẹ jókòó sínú mọ́tò tó ń gbé oúnjẹ wa…"

"Ṣé mo di àpò búrẹ́dì lójú ẹ ni, ìwọ ọmọ yìí?" Ohùn Tarcisio le. Kò sẹ́ni tó lè wò ó lójú.

"Á gun kẹ̀kẹ́ ẹ̀," ni Renata wí. "Àárín yín ló máa wà, kẹ́ ẹ yí i ká. Èmi ni mo máa kẹ́yìn."

"Ẹ̀yin?" ni Onorato wí. "Ìyàwó wa, ẹ ò gun òkè rí láyé yín!"

"Kẹ̀kẹ́ mi oníbátìrì wà nílẹ̀," Delfina dá sí i láti ẹnu ọ̀nà, aṣọ ìnuwọ́ wà léjìká ẹ̀. "Ó lè gbé e dé òkè."

Ẹ wo wàhálà. Tarcisio fúnra ẹ̀ ló ṣòfin pé kẹ̀kẹ́ oníbátìrì kankan ò gbọ́dọ̀ bá ẹgbẹ́ wọn rìn, pé ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rọ kó lọ máa gbé mílíìkì kiri. Gbogbo ojú wá ń wò ó. Ó wo ìyàwó ẹ̀ lọ títí, bí ìgbà tó ń wo ọ̀nà tó fẹ́ gbà. Renata ti múra sílẹ̀: tó bá bú u, á gbà, tó bá jáde, á tẹ̀ lé e, tó bá ní òun ò lọ mọ́, á fara dà á.

"O ní ìwọ lo máa kẹ́yìn," ni Tarcisio wí. "Mo gbọ́. Ìwọ ńkọ́? Ta ló máa wà lẹ́yìn ẹ?"

Èyí ni Renata ò múra sílẹ̀ fún, pé tòun ni ọkọ òun máa kọ́kọ́ rò. Ó jókòó padà sórí àga ẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó sì sunkún lójú gbogbo wọn. Kò sí ẹ̀rọ omi tó máa ṣí sílẹ̀ níbẹ̀.